Alágbàtà

Alágbàtà ni ẹni tó ń gba ọjà ọlọ́jà láti bá a tà, tó ń fi èrè tirẹ̀ lé e. Ó yàtọ̀ sí alájàpá, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ọjà lóko: bí tòmátì bá jẹrà lọ́nà, tirẹ̀ ni àdánù. Òwe ní alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo ní Gberefu, ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun. Láyé òwò ẹrú, àwọn òyìnbó kì í wọ igbó lọ mú ẹrú. Àwọn alágbàtà ló ń ta ẹrú fún wọn, tí wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ẹrú náà sọdá ọ̀sà lọ sétí òkun. Kò yẹ ká fi èyí pamọ́ nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yìí ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Jumia àti Konga, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2012, alágbàtà ńlá ni wọ́n: ọ̀pọ̀ ọjà tó wà níbẹ̀, ti ẹlòmíì ni. Kọ̀ǹpútà ń ka èyí tó kù, ó ń gbowó, ó ń yọ tirẹ̀, ó sì ń fi ìyókù ránṣẹ́ sí ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n bàtà kì í gba inú fóònù jáde. Ará Gberefu tó bá rà á ṣì máa san owó ọkọ̀ ojú omi lé e.