Ẹ̀rín Nínú Eré Amóhùnmáwòrán Àtijọ́

Ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó ń wò lórí amóhùnmáwòrán láyé àtijọ́ kì í ṣe ọmọ àná. Lọ́dún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eégún alárìnjó ṣeré níwájú Aláàfin. Ọ̀kan nínú wọn jáde bí òyìnbó tí òtútù mú: ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Inú èrò dùn gidigidi, ojú àlejò náà ni wọ́n sì ń wò.

Àṣà ká sín èèyàn jẹ yìí ló bá àwọn òṣèré wọ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò jù ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Olórin ni tẹ́lẹ̀; inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé wà kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kí Bàbá Sàlá tó la ẹnu ni ẹ̀rín ti ń sọ: awò ojú gbàǹgbà tí kò ní gíláàsì, táì labalábá tó fẹ̀ kọjá ààlà, aago ńlá tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ahun ni, àgbàlagbà tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, tí owó àti obìnrin kì í jẹ́ kó rójú. Páńpẹ́ tó bá sì dẹ fún ẹlòmíràn, òun náà ní í mú. Ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, Aláwàdà, kì í há ọ̀rọ̀ sórí. Wọ́n á fẹnu kò lórí ìtàn, oníkálukú á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èdè inú eré wọn fi rí bí èdè ojúlé, tí kò sì tíì ṣá títí dòní.

Ọ̀nà mìíràn ni eré The Village Headmaster gbà. Olúṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀. Ó bọ́ sórí amóhùnmáwòrán l'Ékòó lọ́dún 1968, ó sì ń lọ títí di 1988. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹ̀yà ló ń wò ó. Síbẹ̀ ìlú Yorùbá ni abúlé Ọjà tí ìtàn rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín ibẹ̀ kò sí lára aṣọ. Àárín ipò àti ìwà ló wà: Kábíyèsí, tí Dẹ́júmọ̀ Lewis ṣe, jókòó pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, Olóyè Ẹlẹ́yinmí á sì da ìjókòó rú pẹ̀lú òyìnbó ẹnu rẹ̀. Ibidun Allison ló ṣe Amebo, olófòófó abúlé náà. Títí di òní ni wọ́n ń pe olófòófó ní àmẹ́bò káàkiri Nàìjíríà.

Funsho Adéolú tó ṣe Ẹlẹ́yinmí padà jọba gan-an, ó di Aláyé ti Òde Rẹ́mọ. Bàbá Sàlá ní tirẹ̀ gbé àwàdà lọ sínú sinimá pẹ̀lú Ọ̀run Mooru lọ́dún 1982. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà fíìmù náà tà, gbèsè rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.