Kò sí Iṣẹ́ Kékeré: Ìtàn Esther Howland àti Káàdì Olódòdó

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbà pé iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo nìkan ni ó lè gbé ènìyàn dé ipò iyì. Bí a bá sọ fún irú wọn pé gígé òdòdó tákàdá àti lílẹ̀ ẹ́ mọ́ ara káàdì lè di iṣẹ́ tí ìtàn kò ní gbàgbé, ẹ̀rín ni wọn yóò fi ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbésí-ayé obìnrin kan yẹ̀ wò, kí a lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni ó yẹ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1828 ni a bí Esther Howland ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Baba rẹ̀, Southworth Howland, a máa ta ìwé àti ohun èlò ìkọ̀wé. Esther kàwé jáde ní ọdún 1847 ní Mount Holyoke, ilé-ìwé tí Mary Lyon dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní ọdún 1837. Ní ayé ìgbà náà, iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún obìnrin tí ó kàwé kò pọ̀. Bí kò bá ṣe olùkọ́, ilé ni yóò jókòó sí.

Ó jẹ́ àṣà àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà láti máa fi káàdì ìfẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún. Àwọn tí ó dára jùlọ nínú káàdì wọ̀nyí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń wá, owó wọn sì ga. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí Esther kúrò ní ilé-ìwé, ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: tákàdá tí a lu ní ihò wínníwínní bí léèsì, tí a fi òdòdó ṣe ní ọ̀ṣọ́. Ẹlòmíràn ì bá yìn ín, kí ó sì fi í sínú àpótí. Ṣùgbọ́n Esther gbà pé òun lè ṣe èyí tí yóò dára jù ú lọ. Baba rẹ̀ bá a ra tákàdá léèsì àti àwòrán òdòdó aláwọ̀ mèremère, ó sì ṣe káàdì bíi méjìlá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.

Arákùnrin rẹ̀, tí í máa rìnrìn-àjò láti bá baba wọn tajà, kó àpẹẹrẹ náà dání. Ìtàn sọ fún wa pé Esther ń retí pé àwọn oníbàárà yóò béèrè fún ọjà tí owó rẹ̀ tó 200 dọ́là. Nígbà tí arákùnrin rẹ̀ padà dé, ọjà tí wọ́n béèrè fún lé ní 5,000 dọ́là. Ayọ̀ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni pẹ̀lú. Bí ó bá kọ̀, ilẹ̀kùn náà tì. Bí ó bá gbà, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Esther pe àwọn ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ jọ sínú yàrá kan ní ilé baba rẹ̀, ó sì pín iṣẹ́ láàárín wọn. Ẹnì kan ń gé àwòrán òdòdó, ẹlòmíràn ń to tákàdá aláwọ̀, ẹlòmíràn sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ léèsì lé e lórí, títí káàdì náà yóò fi parí. Àwọn obìnrin tí kò lè kúrò nílé pàápàá rí iṣẹ́ gbà: a ń kó ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn nínú àpótí, a sì ń padà lọ gba káàdì tí wọ́n ti ṣe. Ọdún 1913 ni Henry Ford tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí ìlà tí ń rìn, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú rẹ̀ tí ọmọbìnrin yìí ti mọ èrè iṣẹ́ àpínṣe.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn káàdì rẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀wà òdòdó nìkan. Esther a máa fi tákàdá aláwọ̀ sí abẹ́ léèsì funfun, kí iṣẹ́ ọnà ara léèsì náà lè hàn kedere. A sì máa fi tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká síwásẹ́yìn sí àárín ìpele kan àti èkejì, kí ti òkè lè gbé sókè díẹ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Nípa báyìí, ẹni tí ó bá wo káàdì náà yóò rò pé inú ọgbà òdòdó ni òun ń yọjú sí. Ní ẹ̀yìn káàdì, a ń fi òǹtẹ̀ pupa tẹ lẹ́tà H. Ẹni tí ó bá fi àmì ara rẹ̀ sí iṣẹ́, ó ti gbà láti jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú títí. Ní nǹkan bí ọdún 1866, Esther fi orúnkún ṣèṣe, ó sì di ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Síbẹ̀ kò pa iṣẹ́ tì. Ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó pè é ní New England Valentine Company, ó sì tẹ ìwé àwọn ẹsẹ ewì jáde ní ọdún 1879, kí oníbàárà lè yan ọ̀rọ̀ tí ó wù ú láti lẹ̀ mọ́ inú káàdì. Nígbà tí àìsàn dá baba rẹ̀ wólẹ̀, ó ta òwò náà fún George Whitney ní ọdún 1881, ó sì jókòó ti baba rẹ̀. Òwò tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ni ó jọ̀wọ́ yìí. Ó rántí ẹni tí ó ra tákàdá àkọ́kọ́ fún un. Ní ọdún 1904 ni ó fi ayé sílẹ̀.

Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi ọwọ́ ṣe káàdì olódòdó. Ní ipò léèsì, ọ̀pọ̀ wọn ń lo acetate, ohun pẹlẹbẹ tí ó mọ́ gaara bí dígí, tí a ṣẹ̀dá láti inú òwú tàbí igi. Paul Schützenberger, ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1865. Bí a bá lẹ òdòdó mọ́ ọn, yóò dà bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ ni òdòdó náà dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: acetate kì í bo àṣìṣe. Bí ìka bá dọ̀tí, ipasẹ̀ rẹ̀ yóò hàn. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, yóò yọ síta. Yíǹkì tí a fi omi pò kò lè wọ inú rẹ̀ bí ó ti ń wọ inú tákàdá, bí a bá sì fi ọwọ́ kàn án kí ó tó gbẹ, ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a máa fi gọ́ọ̀mù sí kìkì ibi tí òdòdó yóò bò, a sì máa fi sùúrù dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí acetate ti rí ni ìwà ọmọlúàbí rí: ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé rí inú òun kedere, àfi kí ó tọ́jú ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ohun rere lọ́wọ́ àlejò, ẹ má ṣe yìn ín nìkan, ẹ bi ara yín bí ẹ̀yin náà ti lè ṣe é. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún yín, ẹ pe ẹlòmíràn mọ́ra. Ẹ má sì ṣe fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ kankan, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.