Ọ̀rọ̀ Àgbémì

Ẹni tó bá jókòó láti fi Yorùbá ṣe lámèyítọ́ fíìmù The Remains of the Day, èyí tí James Ivory darí ní 1993 láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Kazuo Ishiguro tẹ̀ jáde ní 1989, kò ní wá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ jìnnà. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ti fún un ní ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn àti ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì. Kámẹ́rà ni kámẹ́rà ń jẹ́. Tó bá fẹ́ dárúkọ irú fíìmù yìí, "eré ayé àtijọ́" ló yẹ kó ṣọ́ra fún, nítorí ọba, babaláwo àti ogun ni òǹwòran wa yóò máa retí, bẹ́ẹ̀ ilé ọlọ́lá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ogun Hitler ń rú bọ̀, ni ìtàn náà ti wáyé. "Eré ìgbà kan rí" á ṣe é. Ibi tí iṣẹ́ wà ni orúkọ tí a ó fún ohun tó gbé eré náà ró: ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu tí ẹlẹ́nu kò jẹ́ kó jáde.

"Ìkóra-ẹni-níjàánu" ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ó ti dájọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó rojọ́. Ẹni tí a bá ní ó kó ara rẹ̀ níjàánu, a yìn ín nìyẹn. Fíìmù yìí kò yin Stevens, olórí àwọn ìránṣẹ́ ilé náà, kò sì bú u. Ẹ wo ibi tí Miss Kenton, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé náà, ti ká a mọ́ yàrá níbi tó ti ń kàwé. Obìnrin náà fẹ́ mọ ìwé wo ni. Stevens kò fẹ́ kó rí i. Miss Kenton sún mọ́ ọn, ó rọra ń ṣí ìka Stevens kúrò lára ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìfẹ́ lásán ni! Kí ni Stevens, tí Anthony Hopkins ṣe, fi dáhùn? Pé kí Gẹ̀ẹ́sì òun lè já gaara sí i ni òun ṣe ń kà á. Ìwà ọmọlúàbí ni ká pe ìyẹn, àbí ìwà ojo? Òǹwòran ni yóò dáhùn, kì í ṣe èdè-ìperí. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ọ̀rọ̀ àgbémì". Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, kí la tún ń dá sílẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fẹ́ kó dénú olùgbọ́, kó sì di odindi. Stevens kò fẹ́ kó dénú ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé, lálẹ́ tí bàbá rẹ̀ kú sí òkè ilé nígbà tí Stevens ń gbóúnjẹ gbọ́tí fún àwọn àlejò nísàlẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ní ó jọ pé ó ń sunkún. Stevens rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó ní wàhálà ọjọ́ náà ni.

Àwọn mìíràn á ní fíìmù kò lè mú ohùn asọ̀tàn ìwé náà dání, nítorí náà kò tó ìwé. Òótọ́ ni pé Stevens fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn nínú ìwé, ó sì jẹ́wọ́ fún wa níkẹyìn pé ọkàn òun bà jẹ́ lórí Miss Kenton. Nínú eré tí Ruth Prawer Jhabvala kọ fún fíìmù, kò jẹ́wọ́ rárá. Ohun tí ìwé sọ ni fíìmù tún gbé mì, mi ò sì rí àdánù níbẹ̀, torí ojú òṣèré ń rojọ́ tí ẹnu kò rò. Kì í wá ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni àgbémì o. Òṣèré tí kò sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹni tó kọ eré kò rí ọ̀rọ̀ fi sí i lẹ́nu, dídákẹ́ ló dákẹ́. A gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu, bí ìka tó kọ̀ tí kò fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ yẹn.