Nọ́ńbà Tó Wà Nídìí Mágásìn

Ẹni tó bá ń gbọ́ mi nínú dáńfó, ẹ ti íápíìsì yín bọ etí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ìbọn la fẹ́ sọ lónìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó jókòó tì yín bẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Texas, ó mú mi lọ sí ọjà kan tí wọ́n ti ń ta ìbọn àtijọ́. Ìbọn ìléwọ́ méjì wà lórí tábìlì bàbá òyìnbó kan. Luger ni àwọn méjèèjì, ọdún 1917 ni wọ́n tẹ̀ sí wọn lára, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Síbẹ̀, owó ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Mo bi bàbá náà pé kí ló dé. Kò fèsì. Ó yọ mágásìn, ìyẹn ilé ọta tí wọ́n ń tì bọ inú ìdìmú ìbọn, kúrò nínú èyí tó wọ́n, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní kí n ka ohun tó wà nídìí rẹ̀. Igi ni ìdí náà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára igi yẹn bá ti ara ìbọn mu gẹ́lẹ́. Ó tún fa mágásìn kejì yọ látinú àkọ̀ awọ. Nọ́ńbà kan náà ni, àmọ́ àmì + wà lára rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé èyí ni àfikún.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Hugo Borchardt ló ṣe baba ìbọn yìí ní 1893, àmọ́ ó tóbi, kò sì rọrùn láti dì mú. Georg Luger ló tún un ṣe. Tí wọ́n bá yìn ín, irin ẹ̀yìn rẹ̀ á ká sókè bí orúnkún èèyàn, ọta mìíràn á sì wọlé. Switzerland gbà á fún àwọn sójà wọn ní 1900, àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì gbà á ní 1904, àwọn ti orí ilẹ̀ tẹ̀ lé wọn ní 1908. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ P08.

Ṣùgbọ́n ẹrù tó ń bá ìbọn náà rìn ló gbà mí lọ́kàn jù. Àkọ̀ awọ líle tó ní àpò mágásìn kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lábẹ́ ìdérí àkọ̀ náà, àpò kékeré kan wà fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tú ìbọn, tí wọ́n tún fi ń fa sípíríǹgì mágásìn wálẹ̀ kí ọta lè wọ̀ ọ́ láìṣẹ́ èèkánná. Ti àwọn oníbọn àgbá tún kọjá bẹ́ẹ̀: ẹnu ìbọn wọn gùn tó 200 mìlímítà, ó ní pákó tí wọ́n ń gbé ti èjìká, nígbà tó sì yá, wọ́n ṣe mágásìn roboto kan tó ń gba ọta 32.

Nọ́ńbà yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Tí ọdún bá yí, ilé iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, tó bá dé 10,000, wọ́n á fi lẹ́tà kún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ka nọ́ńbà láìka ọdún àti lẹ́tà, kò tíì ka nǹkan kan. Wọ́n tún máa ń tẹ nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn sára àwọn irin kéékèèké inú ìbọn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń pínyà? Ogun ni. Mágásìn bọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n mú ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn àdéhùn Versailles ní 1919, tí wọ́n ní kí sójà Jámánì má ju 100,000 lọ, wọ́n tẹ 1920 mọ́ ọ̀pọ̀ ìbọn tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Amẹ́ríkà kó púpọ̀ nínú wọn wálé.

Ibi tó dùn mí nìyí. Bàbá yẹn ní ọwọ́ àwọn ọmọ sójà kan ni òun ti ra ìbọn kejì, èyí tí owó rẹ̀ kéré. Nígbà tí bàbá wọn kú, wọ́n ti ta àkọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ta mágásìn lọ́tọ̀, wọ́n sì da ìwé rẹ̀ nù pẹ̀lú pàǹtí. Ó wá àkọ̀ mìíràn fún un, 1917 náà ni. Àkọ̀ kì í sábà ní nọ́ńbà ìbọn, ọdún àti orúkọ ẹni tó rán an ló máa ń wà lára rẹ̀, nítorí náà kò ṣòro láti bá a wá ọkọ. Ó sọ òótọ́ fún mi pé òun lòun so wọ́n pọ̀. Ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà á sọ ọ́ tó bá ń tà á? Àwọn míì tiẹ̀ ń pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, wọ́n á tẹ tuntun sí i. Ayédèrú gbáà! Èmi ka ìyẹn sí olè jíjà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n jà lólè ti kú tipẹ́.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ní kí bàbá jẹ́ kí n rí ìwé ìbọn àkọ́kọ́. Bébà kan tó ti pọ́n ni. Orúkọ sójà Amẹ́ríkà tó gbé e wálé wà níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé ó lè mú un lọ. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, mò ń wá orúkọ ará Jámánì tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà wò mí títí. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ta ìbọn, kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn rí.