Búrẹ́dì àti Àkàrà Inú Láàbù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra PT rí ní kẹ́míìsì l'Ájílósùn, l'Adó níbí, ẹ jókòó 🧵

1955, New York. Rosalyn Yalow àti Solomon Berson rí i pé antibody, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, máa ń di insulin mú. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ò gba iṣẹ́ wọn: wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò dúró. Wọ́n fi antibody àti ohun tó ń tú ìtànṣán ṣe òṣùwọ̀n insulin, wọn ò sì gba patent. Nígbà tí Yalow gba Nobel ní 1977 (Berson ti kú), ó gbé lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ wọ́n jáde 😂 Mo fẹ́ràn ìyá yìí.

1971, Eva Engvall àti Peter Perlmann ní Sweden fi enzyme tó ń pàwọ̀ dà rọ́pò ìtànṣán.

PT yín ńkọ́? Antibody méjì ni búrẹ́dì, protein oyún ni àkàrà àárín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wo suìṣì inú sẹ́ẹ̀lì. Edmond Fischer àti Edwin Krebs ló fi hàn ní 1955 pé phosphate tó lẹ̀ mọ́ protein lè tàn án. Búrẹ́dì ìsàlẹ̀ á mú protein; tòkè ò ní lẹ̀ àfi tí phosphate bá wà lára rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà: tẹ́ ẹ bá ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì, enzyme inú rẹ̀ á máa já phosphate kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Yìnyín ni, oògùn tó ń dí enzyme lọ́wọ́ ni, fíríìsà -80 ni.

Ẹ wá ro akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dán ewé wò lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ l'Adó. Iná lọ lóru, fíríìsà tí èyí tó fi ewé sí wà yọ́. Protein ṣì wà, phosphate ti lọ. Á kọ ọ́ pé ewé ló pa suìṣì. Àṣé iná ni.