Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ: Yíyan Mọ́dábọ́ọ̀dù fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Díẹ̀ Kún Iyára Kọ̀ǹpútà

"Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ilé alámọ̀ láyé àtijọ́ ni òwe yìí yé jù. Wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á pọn omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un títí yóò fi di ọ̀kan, wọ́n á sì jẹ́ kí ipele kan gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ẹni tí kò fẹ́ pọn omi ni òwe ń bá wí, ẹni tó rò pé itọ́ ẹnu òun tó po amọ̀. Àwọn àgbà kò sì ní ìjì ni yóò wó ilé ọ̀hún, wọn kò ní òjò ńlá ni. Ìrì ni wọ́n yàn, ohun tí kì í pariwo, tí kì í le, ṣùgbọ́n tí ń sẹ̀ lóròòru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe náà bá ọ̀lẹ wí, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, ibi ìrì yẹn ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: bí ìpìlẹ̀ bá ti burú, kò dìgbà tí ìyà ńlá bá jẹ ilé kó tó wó, ìyà kékeré tó ń padà wá lójoojúmọ́ ti tó o.

Mo mú òwe yìí wá síbi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nítorí ìbéèrè kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Mowe, Ibafo àti Ifo ní ìpínlẹ̀ Ògùn: bọ́ọ̀dù wo ni kí a rà bí a bá fẹ́ fi díẹ̀ kún iyára processor? Àwọn tí ń gé fídíò fún ṣọ́ọ̀ṣì ni, àwọn ayàwòrán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mountain Top University ní Ibafo. Owó wọn kò ká processor ńlá, wọ́n sì fẹ́ fi ọgbọ́n rí díẹ̀ sí i lára èyí tó wà lọ́wọ́. Overclocking ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà: ilé iṣẹ́ ní kí processor sá dé 3.6 GHz, àwa ní kó sá dé 3.9. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ní August 1998 ni Intel gbé Celeron 300A jáde. Ẹni tó gbé e sórí bọ́ọ̀dù Abit BH6, tó sì yí iyára bọ́ọ̀dù náà láti 66 MHz sí 100, sábà máa ń rí 450 MHz lára ohun tó fi owó 300 MHz rà. Bọ́ọ̀dù ló jẹ́ kó rọrùn, torí BH6 gba onílé láyè láti yí gbogbo rẹ̀ padà nínú BIOS, ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, títí di òní, orí bọ́ọ̀dù, tí í ṣe ìpìlẹ̀ ilé tiwa, ni àwọn ènìyàn wa ti máa ń ṣọ́ owó ná.

Ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò lára bọ́ọ̀dù ni ojú ọ̀nà tí iná gbà wọ processor. Power pack ń fi 12 volt ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ processor kò fẹ́ ju nǹkan bí 1.2 lọ. Bọ́ọ̀dù ló ń sọ èyí di ìyẹn, ní ibi tí wọ́n ń pè ní VRM: àwọn ègé dúdú pẹlẹbẹ, àwọn kóìlì onígun mẹ́rin, àti àwọn kapásítọ̀ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ processor. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí processor bá ń jẹ 120 watt ní 1.2 volt, 100 ampere ló ń kọjá níbẹ̀. Mítà onífésì kan tó wà lára ògiri ilé wa, 60 ampere ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Ohun tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé ampere tó ju ti odindi ilé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé volt tirẹ̀ kéré. Bí ìdá 10 nínú 100 bá ṣòfò lójú ọ̀nà, watt bíi 12 ti di ooru lórí bọ́ọ̀dù nìyẹn. Nígbà tí a bá sì fi kún iyára, a sábà máa ń fi kún volt pẹ̀lú, iná tí processor ń jẹ sì ń pọ̀ bí iyára ṣe ń pọ̀, volt sì ń di ìlọ́po ara rẹ̀ nínú ìṣirò náà. Ẹ gbé iyára sókè ní ìdá 10 nínú 100, kí ẹ gbé volt láti 1.20 sí 1.32: iná tó ń jẹ á fi nǹkan bí ìdá 33 nínú 100 lé sí i. Ẹ jèrè 10, ẹ san 33. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun pẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan volt rárá, tàbí kó fi kún un bín-ín-tín.

Kí wá ni ìrì tiwa? Ooru ni àkọ́kọ́. Yàrá tí wọ́n ti ń dán bọ́ọ̀dù wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kì í sábà gbóná ju 20 sí 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀sán oṣù kẹta ní Mowe, lábẹ́ páànù tí kò ní àjà, 34 kì í ṣe ohun ìyanu. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ní ìṣirò kan fún kapásítọ̀ olómi: bí ooru bá fi 10 lé, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Nítorí náà, iye ooru yòówù tí ẹ bá kà nípa bọ́ọ̀dù kan nínú ìwé òyìnbó, ẹ fi 12 kún un kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Kapásítọ̀ búburú kò nílò overclocking kó tó pani lówó. Láti nǹkan bí 1999 títí wọ àárín ọdún 2000 sí 2010, àìmọye bọ́ọ̀dù ní kapásítọ̀ tí orí rẹ̀ ń wú tó sì ń jò. Dell OptiPlex GX270 wà lára wọn, nígbà tó sì di 2005, ilé iṣẹ́ náà ya nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ìran OptiPlex yìí kan náà wà lára tòkunbọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, kò sẹ́ni tó fi kún iyára rẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ lásán ló mú kí orí kapásítọ̀ wọn wú. Lónìí, kapásítọ̀ gbígbẹ, èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ tí kò ní ìlà àgbélébùú, ni kí ẹ máa wá káàkiri VRM.

Ìrì kejì ni iná. 230 volt ni òfin sọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iná háàfù kọ́rẹ́ńtì, a sì mọ bó ṣe ń dé tagbára-tagbára lẹ́yìn tó bá ti lọ. Power pack tó gba 100 sí 240 volt ń fara da púpọ̀ nínú èyí, nítorí náà kí ẹ ra irú rẹ̀ kí ẹ tó ronú kan iyára. Lára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni kí iná lọ nígbà tí ẹ ń sọ BIOS di tuntun. Bọ́ọ̀dù tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lè má jí mọ́. Èyí ló jẹ́ kí n máa yin àwọn bọ́ọ̀dù Gigabyte tó ní BIOS méjì, àti ti MSI tàbí ASUS tó ní bọ́tìnnì tí ẹ fi lè kọ BIOS tuntun sí i láti orí fláàṣì, kódà bí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Ní Yúróòpù, àǹfààní kékeré ni. Ní Ibafo, mo kà á sí ohun tí ènìyàn fi owó lé bọ́ọ̀dù nítorí rẹ̀.

Ní Ifo, ẹ fi eruku kún un. Ewékorò tó ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960 wà nítòsí, ọkọ̀ ńlá kì í sì dá lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Eruku á bo irin tó yẹ kó máa gba ooru lórí VRM, ooru kò ní ríbi jáde. Bọ́ọ̀dù tí kò ní irin yìí rárá, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní ti irú bọ́ọ̀dù, ọ̀nà AMD ló rọ àpò lọ́rùn jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Ryzen ló gba kí a fi kún iyára rẹ̀, bọ́ọ̀dù B350 ti 2017, B450 ti 2018 àti B550 ti 2020 sì gbà bẹ́ẹ̀. A320 àti A520 kò gbà. Ní ọ̀dọ̀ Intel, processor tí K wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ àti bọ́ọ̀dù onílẹ́tà Z ni. Láti B560 ní 2021 ni B ti ń gba kí a gbé RAM nìkan sókè. Bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, ti Dell, HP tàbí Lenovo, ìlẹ̀kùn BIOS wọn tì pa sí ọ̀rọ̀ yìí, wáyà iná wọn pàápàá sì lè yàtọ̀ sí tọjà. Ẹ ṣọ́ra fún bọ́ọ̀dù X79 àti X99 aláìlórúkọ tí wọ́n ń pè ní tuntun: ara rẹ̀ tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n chipset orí ọ̀pọ̀ wọn, ara bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni wọ́n ti tú u.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan processor, ẹ wo RAM. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra RAM 3200, ó sì ń sá ní 2133 tàbí 2400 láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, torí pé wọn kò tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá dé iyára tí wọ́n kọ sí i lára, nínú BIOS. Ìyẹn nìkan lè tó fún ẹni tó ń gé fídíò.

Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ikẹjà láti rà á, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò processor. Ti Intel òde òní àti AM5 ti AMD, ara bọ́ọ̀dù ni àwọn pín-ìn-nì wà, èyí tó bá sì ti tẹ̀ lára tòkunbọ̀ kì í hàn sójú lásán. Nígbà tí ẹ bá délé, ọ̀sán gangan ni kí ẹ dán an wò, kì í ṣe òru tí atẹ́gùn tutù: ẹ gbé OCCT, ètò tí ń fi iṣẹ́ líle dán processor wò, sórí rẹ̀ fún wákàtí kan, kí HWiNFO tí ń ka ooru ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ooru VRM bá kọjá 90, tàbí àṣìṣe WHEA, ìyẹn àṣìṣe ẹ̀rọ tí Windows ń kọ sílẹ̀, kan ṣoṣo bá yọjú, ẹ dín 100 MHz kù kí ẹ sì tún un dán wò.