Ọlọ́gbọ́n Ní Í Jó O, Ọ̀mọ̀ràn Ní Í Mọ̀ Ọ́n

Òwe-òwe là ń lu agídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn kan a máa pe ìlù inú òwe yìí ní ògìdìgbó, n kò sì bá wọn jà. Agídìgbo ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó tọ́ mi, òun náà ni mo fẹ́ bá lọ, nítorí ó ṣeé fojú rí: àpótí pákó tó ṣófo nínú, tí a to irin pẹlẹbẹ mélòó kan sí lójú, tí onílù gbé ka itan tó ń fi àtàǹpàkò ta. Ẹni tó bá ti gbọ́ àpàlà Haruna Ishola ti gbọ́ ọ nísàlẹ̀ orin. Ohùn rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ wo bí òwe náà ṣe pín iṣẹ́. Ẹni tó ń jó ti gbọ́ ìlù, ara rẹ̀ sì ti dáhùn. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀mọ̀ràn ní tirẹ̀ mọ ìdí tí irin gígùn fi ń dún nísàlẹ̀ tí kúkúrú ń dún lókè. Bí ẹ bá ní kó kan agídìgbo tirẹ̀, yóò kàn án. Àárín jíjó àti mímọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù ńlá tí wọ́n ń pè ní workstation, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa, tó fi dé Ẹ̀rìn-Ilé níbí, létí Ọ̀fà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun.

Nígbà tí Korg ti ilẹ̀ Japan gbé M1 jáde ní 1988, ohun tó ya àwọn olórin lẹ́nu ni pé ohùn, ìlù àti ẹ̀rọ tó ń gba orin sílẹ̀ wà pọ̀ nínú àpótí kan ṣoṣo. Triton tẹ̀lé e ní 1999. Kronos dé ní 2011, ọ̀nà mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ní tó lè gbà ṣẹ̀dá ohùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa tí a ń tẹ̀ ẹ́, a kì í ṣe ju pé ká yan ohùn kan tó wù wá, ká sì máa tẹ orin lọ. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó lè tẹ orin kí gbogbo ìjọ dìde fò ti ṣiṣẹ́ ńlá.

Ṣùgbọ́n ohùn ta ni a ń tẹ̀? Ní 1991, àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù fẹnu kò lórí àkójọ ohùn 128 tí wọ́n pè ní General MIDI: ẹ̀rọ tó bá gbà á gbọ́dọ̀ ní gbogbo wọn, nọ́ńbà kan náà fún ohùn kan náà. Ẹ kà á lọ. Koto àwọn ará Japan wà ní 108, ìlù taiko wọn wà ní 117. Kalimba, ìbátan agídìgbo, wà ní 109. Agogo wà ní 114, orúkọ tiwa gan-an ló sì ń jẹ́, nítorí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé e dání dé ọ̀hún. Dùndún kò sí níbẹ̀. Gángan kò sí níbẹ̀. Nínú ohùn 128, ìlù tó ń kí ọba, tó ń pe oríkì, tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, kò rí àyè kan ṣoṣo.

Mo ti rò ó títí, n kò rí ẹ̀bi àwọn tó ṣe àkójọ náà. Ohun tí èèyàn kò mọ̀, kò lè pàtẹ rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ló yẹ ká fi í síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ẹ tan Triton, kí ẹ yan ohùn ìlù aláwọ kan. Ọ̀pá kékeré kan wà lápá òsì, joystick ni wọ́n ń pè é. Ẹ tì í sí ọ̀tún, ohùn á lọ sókè díẹ̀. Ẹ tì í sí òsì, á wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kéré fún ìyáàlù. Ẹ wọ ojú-ewé tí a ti ń tún ìró ṣe, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ JS(+X) àti JS(-X) sí. Bí ẹ bá kọ 12 síbẹ̀, odidi octave kan ni ohùn á fi gòkè. Ẹ fi 7 sí ọ̀kan, -7 sí èkejì. Ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún lu kọ́kọ́rọ́ kan náà láìkúrò lórí rẹ̀, kí ọwọ́ òsì máa darí ọ̀pá yẹn bí onígángan ṣe ń fi apá fún ọsán. Àárín ni rè, ọ̀tún ni mí, òsì ni dò. Ẹ lu "Ẹ kú àárọ̀": rè, mí, dò, mí, dò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn pé, "Ẹ kú àárọ̀ o." N kò tíì la ẹnu.

Bọ́tìnnì roboto kan tún wà lókè tí wọ́n kọ LPF CUTOFF sí. Asẹ́ ni. Ẹ yí i sí òsì, yóò sẹ́ èyí tó mú nínú ohùn kúrò, ìlù á wá máa dún bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń lù ú. Ẹ yí i padà, awọ á tún ta sí yín létí. Kí ẹ tó dìde, ẹ rí i pé ẹ tẹ WRITE. Bí ẹ bá bọ́ sórí ohùn mìíràn láìṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti dànù. Orin tí ẹ gbà sínú rẹ̀ náà, àfi kí ẹ kó o sí díísìkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná tó bá lọ á gbé e lọ. Odidi alẹ́ kan ni mo pàdánù báyìí kí n tó gbọ́n.

Orí fídíò ni mo ti kọ́ gbogbo èyí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ orin ní ilé ìwé lè ní láti rìn dé Pólì Ìbàdàn. Fídíò ní àǹfààní, ó sì ní ibi tó kù sí. Ọmọ Àyàn ń lu omele lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Bó bá ṣì í lù, ojú bàbá á ti sọ fún un. Ọ̀gá orí fídíò kò rí ọwọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá mi jókòó pé ìṣẹ́jú méjì ni kí wọ́n wò, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó wo fídíò lóríṣiríṣi lórí Kronos, tí gbogbo dátà rẹ̀ tán síbẹ̀, tí kò tíì yí bọ́tìnnì kan.

Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ jù nínú Kronos yẹn náà, etí onílù ló rí i. John Chowning, tóun fúnra rẹ̀ ti lu ìlù rí, ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Stanford ní 1967 nígbà tó rí i pé bí ìró kan bá ń gbọn òmíràn kíákíá, ohùn tuntun á yọ. Bí ọ̀kan bá ń gbọ̀n nígbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí èkejì ń gbọ̀n nígbà 280, ohùn aago ló ń yọ, ó kù díẹ̀ kó di ti agogo. Yamaha fi ọgbọ́n yìí ṣe DX7 ní 1983, ó sì wà nínú Kronos lábẹ́ orúkọ MOD-7. Agogo tó mú bí ti alágbẹ̀dẹ wa, ẹ lè rọ ọ́ níbẹ̀ láìfọwọ́ kan iná.

Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fídíò wọ̀nyí, ohùn dùùrù àti fèrè òyìnbó ni wọ́n sì ń kọ́ni láti tún ṣe. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ojú-ewé ìró àti ibi tí WRITE wà: ẹ gbé fóònù yín ka orí àga lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi gángan ṣe àpẹẹrẹ.